Olùgbàlejò Tí Ó Bá Àlejò Rẹ̀ Kú

Bíbélì kíkà: Gẹ́nẹ́sísì 19:1-11

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin wa, ẹni tí ó bá ti Dópẹ̀mú lọ sí Ìkẹjà, tí ó gba inú GRA kọjá, lè ti rí orúkọ Adékúnlé Fájuyì lára òpópó kan níbẹ̀. Ó yẹ kí a mọ ẹni tí ó jẹ́, kí a lè sọ ọ́ fún àwọn ọmọ wa.

Ọmọ Adó-Èkìtì ni, a bí i ní June 26, 1926. Ó wọ iṣẹ́ ológun ní 1943, láti ìsàlẹ̀ pátápátá ni ó sì ti gòkè di ọ̀gá. Ní ogun Congo, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àwọn ọ̀tá lúgọ de òun àti àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀. Ó kó wọn yọ, a sì fi oyè Military Cross dá a lọ́lá. Ní January 1966 ó di gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn.

Ní July ọdún náà, olórí ìjọba, Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, ọmọ Ígbò, wá bá àwọn ọba ṣe ìpàdé ní Ìbàdàn. Ilé Fájuyì ni ó sùn. Kí ilẹ̀ July 29 tó mọ́, àwọn ọmọ ogun tí inú ń bí nítorí àwọn olórí Àríwá tí a pa ní January yí ilé náà ká. Wọ́n mú àwọn méjèèjì lọ sí ìhà Lálúpọn, wọ́n sì pa wọ́n. Fájuyì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ 40 ọdún ni.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ pé ó ní bí wọn yóò bá mú àlejò òun, kí wọ́n mú òun pẹ̀lú. Àwọn mìíràn sọ pé àwọn ọmọ ogun náà ní ẹ̀sùn tiwọn sí òun fúnra rẹ̀. Ohun tí kò ní àríyànjiyàn ni pé kò sá, kò sì ta àlejò rẹ̀.

Ẹ wá wo Lọ́ọ̀tì. Òun náà dúró lẹ́nu ọ̀nà nítorí àlejò, ó ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ni ó fẹ́ fi dípò. (Àwọn oníwàásù kì í sábà pẹ́ lórí ibẹ̀.) Fájuyì kò fi ẹlòmíràn dípò.

Síbẹ̀ ó ní aya, ó sì ní ọmọ. January 1967 ni ìjọba tó kéde ikú náà ní gbangba. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣọ̀fọ̀ ọkọ rí, ẹ rò ó wò: oṣù márùn-ún, láìsí ìkéde! Adó-Èkìtì ni a sin ín sí. Ní July 1967, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀.

Fún ìjíròrò:

Bí àwọn jàǹdùkú bá kan ilẹ̀kùn wa nítorí aládùúgbò tí kì í ṣe ẹ̀yà wa, kí ni a ó ṣe? Bí ìyọnu bá sì ti ibẹ̀ wá, àwọn wo nínú ilé wa ni yóò bá wa jẹ nínú rẹ̀?