Ẹ̀KỌ́ KEJÌLÁ: ỌMỌ TÓGÒ NÍ ILẸ̀ YÌNYÍN

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ mọ igi àgbọn etí òkun Kutọnu. Ní Tógò, nítòsí wa níbí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gun irú igi yìí. Ó rí ejò, ó já bọ́. Orúkọ rẹ̀ ni Tété-Michel Kpomassie. Àwọn olórìṣà ejò ló wò ó sàn. Wọ́n ní kó wá máa sin òrìṣà náà. Ẹ̀rù bà á.

Ní Lomé, ó ra ìwé kan. Ìwé náà ń sọ̀rọ̀ nípa Grínlándì, ilẹ̀ òtútù tó jìnnà réré. Kò sí ejò níbẹ̀. Ó ní òun á lọ!

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan ló lọ. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń kọ́ èdè, ó sì ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ó tó bí ọdún 8 kó tó débẹ̀ ní 1965.

Àwọn Ìnúìtì gbà á sílé. Lọ́hùn-ún, omi òkun máa ń dì. Ajá ló ń fa ẹrù àti èèyàn lórí rẹ̀. Nígbà òtútù, oòrùn lè má yọ fún oṣù 2. Ẹni tí kò mọ ọ̀nà lè kú. Wọ́n kọ́ ọ bí a ti ń da ajá, bí a ti ń dọdẹ ẹran inú òkun.

Ní 1981, ìwé tó kọ nípa wọn jáde. Ìwé ló mú un kúrò nílé, ìwé ló sì fi ròyìn.

Ẹ jẹ́ ká jíròrò: bí àlejò tí kò gbédè wa bá dé abúlé wa, kí la máa kọ́kọ́ kọ́ ọ?