Ẹ̀kọ́ Kẹrìnlá: Kí ló ń mú ẹ̀jẹ̀ dì?

Ẹ ka gbólóhùn mẹ́ta yìí sókè, kí ẹ fetí sí ohùn wọn:

Omi di yìnyín. Ọ̀nà dí. Ẹ̀jẹ̀ dì.

«Di» ni pé ohun kan yí padà sí òmíràn. «Dí» ni pé kò sí àyè láti kọjá. «Dì» ni pé ohun tó ń ṣàn ti ki, ó sì dúró sójú kan. Ẹ ó bá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé nínú àyọkà yìí.

Àyọkà

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ ń gbé ní Nunhead. Ẹ ra ata àti àlùbọ́sà ní Rye Lane, ẹ sì ń gé àlùbọ́sà lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀bẹ gé yín níka. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà. Láìpẹ́, ẹ̀jẹ̀ dá. Kí ló dá a dúró?

Àwọn ègé tíntìntín kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn oníṣègùn ń pè ní platelet. Inú mùdùnmúdùn egungun ni wọ́n ti ń wá, wọn kì í sì í lò ju bí ọjọ́ 7 sí 10 lọ kí òmíràn tó rọ́pò wọn. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá ya, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ojú ibẹ̀, wọ́n á so mọ́ ara wọn, wọ́n á sì dí ihò náà.

Kálísíọ̀mù, tó ń mú eyín àti egungun le, wà nínú wọn. Nígbà tí ó bá tú jáde níbi tí wọ́n kó o pa mọ́ sí, platelet tó rí pẹlẹbẹ bí àwo á di ohun tó yọ ìka síta. Síǹkì náà ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti so pọ̀. Ní ti magnẹ́síọ̀mù, ó máa ń dẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ kí wọ́n má baà ṣe àṣejù. Àṣejù léwu: bí ẹ̀jẹ̀ bá dì níbi tí kò yẹ, ó lè dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí ọpọlọ, ọ̀rọ̀ á sì di ti àrùn rọpárọsẹ̀.

Bí ẹnì kan bá ń fi platelet tọrẹ, wọ́n máa ń lo èròjà kan tó ń gbá kálísíọ̀mù mú, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì nínú ẹ̀rọ. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń ṣe àwọn kan bí ẹni pé èèrà ń rìn lórí ètè wọn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ 7 péré ni platelet tí a fi tọrẹ ń lò. Bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń gba ìtọ́jú àrùn jẹjẹrẹ àti ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ lè nílò rẹ̀ nígbàkígbà, ní ilé ìwòsàn ńlá bíi King's College Hospital tí kò jìnnà sí Nunhead. Èyí tí a gbà lóṣù tó kọjá kò lè gba ẹnikẹ́ni là lónìí. Olùtọrẹ tuntun gbọ́dọ̀ máa wá.

Ẹ lè rí kálísíọ̀mù nínú wàrà àti sàdíìnì tí a jẹ teegun-teegun, kí ẹ sì rí síǹkì nínú ẹran màlúù àti ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n àjẹjù kò ní kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ara fúnra rẹ̀ ló ń wọn kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ imú rẹ̀ kì í tètè dá, kó lọ rí dókítà.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ẹ fi di, dí tàbí dì sí àlàfo: Ọ̀rá ọbẹ̀ ti ___. Ìdọ̀tí ___ ojú gọ́tà. Ọmọ náà ti ___ àgbà.
2. Kí ni iṣẹ́ magnẹ́síọ̀mù yàtọ̀ sí ti síǹkì?
3. Ìyá àgbà kan ní Nunhead bi yín pé, «Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lóṣù tó kọjá ńkọ́?» Ẹ dá màmá lóhùn ní gbólóhùn mẹ́rin. Ẹ má gbàgbé «ẹ» ọ̀wọ̀.