Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ó yẹ kí ẹni tó ń wá sẹ́ẹ̀fù-kọ́n ní Lekki Phase 1 kọ òwe yìí sára ògiri, nítorí ní àdúgbò yẹn, ìtẹ́ ló máa ń fẹ́ wọn eku. N kò bá ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ gbé dé Victoria Island wí bó bá fẹ́ gbé nítòsí ibẹ̀. Kí èèyàn máa jí ní aago mẹ́rin ìdájí ní Ìkòròdú, kó tó padà wọlé kí ilẹ̀ ti ṣú, owó ni òun náà, ara ló ń san án.

Ibi tí ìṣirò ti ń daru ni pé owó ilé tí éjẹ́ǹtì pè nìkan ni ọ̀pọ̀ ń gbọ́. Ká ní ó pe ₦2,000,000 lọ́dún. Kọmíṣọ̀n rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, owó àgírímẹ́ǹtì sì lè tó bẹ́ẹ̀: ₦400,000 ti gorí rẹ̀. Ẹ fi kọ́ṣọ̀n ₦200,000 sí i, àti owó ìtọ́jú ọgbà ₦300,000. Ó di ₦2,900,000, ẹ ò sì tíì ra fáànù.

Owó yíyá àti èésú lè bá yín san ti ọdún àkọ́kọ́. Èrò tèmi ni pé ọdún kejì ni kí ẹ fi wọn ìtẹ́. Kọmíṣọ̀n á ti kúrò ńlẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n owó ilé àti owó ìtọ́jú á ṣì jẹ́ nǹkan bí ₦192,000 lóṣù, ìyẹn bí onílé kò bá fi nǹkan kún un. Á sì fi kún un. Bí iye yẹn bá ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù yín lọ, ẹ yà sí Yaba tàbí Súrùlérè.

Òfin ilé yíyá tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 kò gba onílé láyè láti gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ó tún ní kí ẹni tó ń gba owó ìtọ́jú máa ṣàlàyé ìnáwó rẹ̀ fún ayálégbé ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Ṣùgbọ́n òfin náà yọ Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀. Lekki kò sí lára wọn, ẹ rántí ìyẹn bí wọ́n bá ní kí ẹ san ọdún méjì.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ti Lekki, inú òjò ni ká ti wò ó. Ẹ lọ nínú oṣù kẹfà tàbí ìkeje, kí ẹ wo ibi tí omi fi àmì sí lára ọgbà. Mẹ́gáàdì ni kí ẹ bi, ẹ má bi éjẹ́ǹtì. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi kí ẹ wò bóyá ó pọ́n. Ẹ bèèrè bóyá mítà iná jẹ́ tiyín nìkan, àti iye wákàtí tí jẹnẹrétọ̀ ọgbà ń ṣiṣẹ́ lóòjọ́.

Kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́, ẹ wo orúkọ tó wà lórí àkáǹtì. Bó bá yàtọ̀ sí ti onílé inú àgírímẹ́ǹtì, ẹ ní kí onílé fúnra rẹ̀ fi ìwé àṣẹ tó fún éjẹ́ǹtì hàn yín. Bí wọ́n bá ní ẹlòmíì ń bọ̀ wá san án lálẹ́ òní, ẹ jẹ́ kó san án.