Ìjọ àti Oko: Ẹ̀kọ́ láti Agége

Àkàyé: Jẹ́nẹ́sísì 2:15, 2 Tímótíù 2:6

Ìgbàgbọ́ ti sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di àgbẹ̀ ní ilẹ̀ tuntun. Ní ọdún 1874, àwọn Kristẹni tí à ń pè ní Mẹ́nónáìtì bẹ̀rẹ̀ sí í fi Rọ́ṣíà sílẹ̀ lọ sí pápá Manitoba ní Kánádà, nítorí wọn kò fẹ́ kí a fi ipá sọ àwọn ọmọ wọn di ológun. Ilẹ̀ Yorùbá náà ní ìtàn tí ó fara jọ èyí.

1. Ìdásílẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1901, ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ St. Paul's, Breadfruit, ní Èkó, bínú jáde nítorí ìwọ̀sí tí wọ́n gbà pé àwọn òyìnbó alábòójútó fi kan James Johnson, olùṣọ́-àgùntàn wọn. Wọ́n dá ìjọ Bethel ti African Church sílẹ̀. Jacob Kẹ́hìndé Coker jẹ́ aṣáájú láàrin wọn. Ìfakò, lẹ́bàá Agége, ni oko kòkó rẹ̀ wà. Ní 1907, òun àti àwọn olóko mìíràn dá Agege Planters' Union sílẹ̀.

2. Lébìrà di akẹ́kọ̀ọ́. Láti ìlú òkè ni àwọn lébìrà ti ń wá. Wọ́n kọ́ bí a ti ń gbin kòkó àti bí a ti ń sá a. Wọ́n sì gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Nígbà tí wọ́n padà sílé, ọ̀pọ̀ wọn gbé irúgbìn kòkó àti ìhìnrere lọ papọ̀.

3. Ohun tí ó kù. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, owó kòkó já wálẹ̀, nǹkan sì le fún àwọn olóko. Lónìí, ilé ni ó kún Agége àti Ìfakò. Ohun tí àwọn lébìrà gbé lọ sílé ni kò parun.

4. Àwa ará Ìbàràpá. Àgbẹ̀ ẹ̀gúsí, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni wá, láti Èrúwà dé Igbó-Ọrà. Àwọn ọ̀dọ́ ń gba iṣẹ́ ojúmọ́ nínú oko wa. Bí a bá san owó wọn tí a kò kọ́ wọn ní ohunkóhun, a ṣì jẹ wọ́n ní gbèsè.

Ìbéèrè
(a) Kí ni àwọn lébìrà Agége rí gbà yàtọ̀ sí owó?
(b) Gẹ́gẹ́ bí 2 Tímótíù 2:6, ta ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jẹ nínú èso oko?
(d) Ta ni ìwọ yóò kọ́ ní iṣẹ́ tí o mọ̀?