Má Ra Èké Sétí, Ọmọ Mi

Ọmọ mi, wọ́n ní o ti ń tọ́jú owó láti ra hẹ́dífóònù tí wàá fi máa gbohùn orin sílẹ̀. Ó dára. Mo tún gbọ́ pé Sátidé tó ń bọ̀ yìí lo fẹ́ lọ rà á, àti pé èyí tó pupa, tí olórin kan gbé kọ́rùn nínú fídíò, lo ń wá. Jókòó ná. Ìkánjú kọ́ la fi ń lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Láti ayé téèpù ni mo ti ń bá àwọn tó ń gbohùn sílẹ̀ jókòó. Mo rí ẹni tó ra gidi, mo rí ẹni tó ra yẹ̀yẹ́. Èyí tí wọ́n ṣe fún fàájì ọ̀tọ̀, èyí tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Ti fàájì dà bí alágbe òde àríyá. Ó ti mọ ohun tó o fẹ́ gbọ́ kó o tó fọwọ́ kan àpò. Á fi béèsì kún béèsì, á mú kí ohùn òkè máa dán, wàá sì rò pé orin rẹ ti jinná nígbà tí kò tíì hó. Ti iṣẹ́ kì í kini ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá. Bí ohùn bá fọ́, á ní ó fọ́. Àwọn àgbà ní òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ní ìsọ̀ àwọn tó ń ta hẹ́dífóònù, ojoojúmọ́ lọ̀rọ̀ yẹn ń ṣẹ.

Ọmọkùnrin kan wà ládùúgbò wa nígbà kan, ọlọ́wọ́ ẹ̀rọ ni, fújì ló fẹ́ràn jù. Ó ra oníbéèsì ńlá kan, tó bá gbé e sétí, agbárí rẹ̀ á máa mì. Nítorí pé béèsì ti pọ̀ jù létí rẹ̀, ó ń dín in kù nínú orin. Ó dín in, ó tún dín in. Ọjọ́ tí wọ́n gbé orin náà sí sípíkà níbi ìkómọjáde, ìyáàlù tó yẹ kó máa sọ̀rọ̀ kàn ń ké tín-ín-rín ni. Onílù fúnra rẹ̀ sì wà ní ìjókòó. Ó ní, "Ta ló gba ohùn lẹ́nu ìlù mi?" Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ọmọ mi, dùndún wa kì í pariwo lásán. Ohùn ìsàlẹ̀, ti àárín àti ti òkè ló fi ń pe èèyàn lórúkọ. Bí ohun tó o gbé sétí bá purọ́ fún ọ nípa ìsàlẹ̀, oríkì baba ẹni tó gbéṣẹ́ fún ọ lo máa bà jẹ́. Bó bá sì jẹ́ ohùn òkè ló ń bù kún, wàá máa fa ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wálẹ̀ títí a ò fi ní gbọ́ ọ mọ́.

Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan dé ẹ̀yìn pa, ohùn kì í fi bẹ́ẹ̀ jò níbẹ̀. Èkejì ṣí ẹ̀yìn sílẹ̀, atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ọdún 1968 ni ilé iṣẹ́ Sennheiser ní Jámánì gbé ẹlẹ́yìn-ṣíṣí àkọ́kọ́, HD 414, jáde. Ó dùn ún fi po orin, nítorí ohùn kì í há síni létí. Ṣùgbọ́n ohun tó ń wọlé níta lò ń gbọ́, ohun tó ń dún nínú rẹ̀ ni ará ìta náà ń gbọ́.

Ọ̀gá sítúdíò kan ní irú rẹ̀, ó wọ́n bí ojú. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ohun mìíràn sétí ní sítúdíò rẹ̀, ojú níí tì í. Obìnrin akọrin ẹ̀mí kan wá kọrin, ọ̀gá gbé e kọ́ ọ létí. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ rọra ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká lo èyí tó dé." Ó ní, "Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?" Ọmọ dákẹ́. Aago tí wọ́n fi ń ka ìlù sí akọrin létí ń jò bọ́ sínú máíkì, ẹnìkan ò sì fura. Ó di ibi tí gbogbo ìlù dá dúró, tó ku ohùn obìnrin náà nìkan, tó ń sunkún sí Ọlọ́run, la wá ń gbọ́ kọ́, kọ́, kọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní láti pe ìyá náà padà wá láti Ìbàdàn, àpò ọ̀gá sì ni owó mọ́tò ti jáde. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ìgbéraga ni kò jẹ́ kí bàbá yẹn rántí.

Ìwọ tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń bú ramúramù lójú fèrèsé rẹ, kí lo fẹ́ fi ẹlẹ́yìn-ṣíṣí ṣe? Ra èyí tó dé lákọ̀ọ́kọ́. Wọn ò pọ̀ lọ títí. Sony MDR-7506 ti wà látọdún 1991, wọ́n ṣì ń tà á. Ó máa ń tú àṣírí ohùn òkè, kò sì wúwo lórí, àmọ́ wáyà rẹ̀ kò ṣeé yọ. Bó bá já, ó di ọ̀dọ̀ ẹni tó ń jó òjé. ATH-M50x ti Audio-Technica, tó jáde ní 2014, wáyà tirẹ̀ ṣeé yọ, ṣùgbọ́n ó ń fi béèsì díẹ̀ pọ́n ọ lé, fi sọ́kàn. DT 770 Pro ti Beyerdynamic rọ̀ létí, o lè fi ṣiṣẹ́ dalẹ́. Èyí ní oríṣiríṣi, wọ́n á kọ ohm 80 tàbí 250 sí i lára. Ohm yẹn ni bó ṣe ń ta ko iná tó ń wọ inú rẹ̀. Bó o bá gbé oní-250 sí fóònù, ohùn rẹ̀ lè rẹlẹ̀ bíi ti ẹni tó ń ṣàìsàn. Má rà á bí ẹ̀rọ tó so máíkì mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ kò bá lágbára. Aláìníwáyà ńkọ́? Má tilẹ̀ mú un wá sí sítúdíò. Ohùn á máa dé sí ọ létí lẹ́yìn tí ẹnu ti pa dé.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ pupa àti ọ̀ṣọ́ yìí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Nathaniel Baldwin, ẹni tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ra hẹ́dífóònù lọ́wọ́ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1910, inú ilé ìdáná rẹ̀ ní Utah ló ti ń ṣe é. Mi ò gbà pé ẹnikẹ́ni bi í léèrè àwọ̀.

Kí n tó gbàgbé, etí rẹ. Ẹni kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ gbayì gan-an, kò mọ̀ ju kó ṣí ohùn sókè lọ. Nígbà tó yá, àwọn akọrin ń pariwo pé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ti pọ̀ jù, òun ní kò tíì tó. Etí rẹ̀ ló ti lọ. NIOSH, àjọ tó ń rí sí ìlera àwọn òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní wákàtí 8 lèèyàn lè fi wà nínú ariwo decibel 85 lóòjọ́. Bó bá di 88, wákàtí 4. Bó bá di 91, wákàtí 2 péré. Ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta etí, mi ò tíì rí i.

Tó o bá dé ọjà, mú orin mẹ́ta tó o mọ̀ dunjú dání: ọ̀kan tí ìlù pọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀kan tó jẹ́ ohùn ènìyàn àti gìtá, ọ̀kan tó kún fọ́fọ́. Fi wọ́n wo hẹ́dífóònù kọ̀ọ̀kan, kí ohùn wà lórí ìwọ̀n kan náà, nítorí èyí tó bá pariwo jù ló máa ń dà bíi pé ó dára jù. Gbé e sórí fún ìgbà pípẹ́. Ohun tó bá fún ọ lórí ní ìsọ̀, á fọ́ ọ lórí nílé. Bèèrè bóyá wọ́n ń ta tìmùtìmù etí rẹ̀ lọ́tọ̀. Tí owó tí wọ́n pè bá kéré ju ti gbogbo ìsọ̀ yòókù lọ, ayédèrú ni kó o kọ́kọ́ fura sí. Bí ọlọ́jà bá ní òun ò lè ṣí páálí kó o gbọ́ ọ, kí i dáadáa, kó o bọ́ sí ìsọ̀ kejì.

Tó o bá rà á tán, má tíì po orin kankan. Fi gbọ́ orin ẹlòmíràn ná, àwọn tó o ti ń gbọ́ láti kékeré, títí etí rẹ á fi mọ ibi tó ti ń bù kún àti ibi tó ti ń dín. Lẹ́yìn náà, gbogbo orin tó o bá fi pò, gbé e lọ sínú mọ́tò bàbá rẹ, gbé e sí fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ. Ibi tí wọ́n bá ti yàtọ̀ sí tìrẹ, kọ ọ́ sílẹ̀.