Ipá, Agbára àti Ìyásí Agbára: Ẹ̀kọ́ fún Ọ̀rọ̀-Ìperí láti inú Iṣẹ́ Hermann von Helmholtz (1821–1894)

1. Ìfáàrà

Ìṣòro tí ó kọ́kọ́ ń dojú kọ ẹni tí ó bá fẹ́ fi èdè Yorùbá kọ́ni ní físíìsì kì í ṣe àìtó ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nílẹ̀. Ohun tí ó ṣòro ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè máa ru ẹrù ọ̀rọ̀ mẹ́ta. "Agbára" jẹ́ ọ̀kan nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Òṣòdì tàbí ní Ìsọlọ̀ lè sọ pé agbára ni kọ̀ndọ́kítọ̀ fi ń ti dánfó tí ó kọ̀ tí kò ṣíṣẹ́, pé agbára ni oúnjẹ ń fún ara, àti pé jẹnẹrétọ̀ kan ní agbára ju èkejì lọ. Lójú onímọ̀ físíìsì, ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó sọ. Bí olùkọ́ bá wá kọ ọ́ sójú pátákó pé agbára kì í pòórá, akẹ́kọ̀ọ́ náà lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè pé: kọ̀ndọ́kítọ̀ tí ó ti ọkọ̀ títí tí ọkọ̀ kò mira, níbo ni agbára tirẹ̀ lọ?

Yorùbá kọ́ ni èdè àkọ́kọ́ tí ó bá ìṣòro yìí pàdé. Èdè Jámánì bá a pàdé ní 1847, láti ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣègùn kan tí ó tún jẹ́ onímọ̀ físíìsì. Ìtàn rẹ̀ wúlò fún gbogbo ẹni tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí.

2. Ìgbésí-ayé rẹ̀ ní ṣókí

Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1821 ni wọ́n bí Hermann Helmholtz ní ìlú Potsdam. Olùkọ́ ni bàbá rẹ̀. Físíìsì ni ó wu ọmọ náà, ṣùgbọ́n owó tí yóò fi kà á kò sí. Ìjọba a máa san owó ẹ̀kọ́ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ìṣègùn, bí ó bá ti gbà láti sìn gẹ́gẹ́ bí oníṣègùn ológun lẹ́yìn ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní 1838 ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn àwọn ológun ní Berlin. Ní 1842 ó gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ní 1843 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàrin àwọn ọmọ-ogun ní Potsdam. Òbí tí ó bá ti rán ọmọ lọ sí ẹnu iṣẹ́ tí owó ká dípò èyí tí ó wù ú yóò mọ ọ̀nà yìí dáadáa.

Ní ọdún wọ̀nyẹn, ọ̀pọ̀ oníṣègùn gbà pé ohun ẹlẹ́mìí ní agbára ìyè kan tí kò sí nínú ohun aláìlẹ́mìí. Helmholtz kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó mú iṣan ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́, ó mú un ṣiṣẹ́, ó sì fi hàn pé ooru ń jáde láti inú iṣan tí ń ṣiṣẹ́. Bí ara bá lè pèsè agbára láti inú òfìfo, ènìyàn ì bá máa ṣiṣẹ́ láìjẹun. Kò sí ẹni tí ó rí irú rẹ̀ rí.

Ní 1849 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Königsberg; ó kọ́ni ní Bonn láti 1855 àti ní Heidelberg láti 1858. Ní 1871 ni wọ́n pè é sí Berlin gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì, ìmọ̀ tí òṣì kò jẹ́ kí ó kọ́ nígbà èwe. Ó kú ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1894.

3. Ìwé 1847 àti ọ̀rọ̀ "Kraft"

Ní ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 1847, Helmholtz ka ìwé kan níwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ físíìsì ní Berlin. Àkọlé rẹ̀ ní èdè Jámánì ni "Über die Erhaltung der Kraft", ìyẹn ni pé "Kraft" kì í pòórá. Poggendorff, olóòtú ìwé-ìròyìn físíìsì tí ó gbajúmọ̀ jù nígbà náà, kọ̀ láti tẹ̀ ẹ́. Helmholtz bá gbé e jáde gẹ́gẹ́ bí ìwé pẹlẹbẹ lọ́dún kan náà. Kì í ṣe òun nìkan ni ó rí òtítọ́ yìí: Robert Mayer, oníṣègùn mìíràn ní Jámánì, ti kọ nípa rẹ̀ ní 1842, Joule ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ti ń wọn ooru àti iṣẹ́ láti 1843.

Ẹni tí ó bá ka àkọlé náà lónìí yóò kọsẹ̀. "Kraft" ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Jámánì fi ń pe ohun tí ń ti nǹkan tàbí tí ń fà á. Ohun yẹn ń pòórá lójoojúmọ́: bí kọ̀ndọ́kítọ̀ bá gbé ọwọ́ kúrò lára ọkọ̀, títì tán nìyẹn. Ohun tí kì í pòórá yàtọ̀. Helmholtz mọ ìyàtọ̀ yìí nínú ìṣirò rẹ̀, nítorí náà ó fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀. Èyí tí ó wà nínú ohun tí ń rìn, ó pè é ní "lebendige Kraft", ìyẹn "Kraft" ààyè. Èyí tí ó wà nípamọ́, ó pè é ní "Spannkraft". Ìṣirò náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n orúkọ kò tíì yà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Thomas Young ti lo ọ̀rọ̀ "energy" nínú ìwé rẹ̀ ní 1807. Ní 1853 Rankine fi ṣe orúkọ fún èyí tí ó wà nípamọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ará Jámánì náà gba "Energie", tí wọ́n sì fi "Kraft" sílẹ̀ fún títì àti fífà. Ní 1882, nígbà tí Helmholtz fúnra rẹ̀ kọ̀wé lórí ooru àti kẹ́míkà, "freie Energie" ni ó kọ. Ọdún márùndínlógójì ti kọjá.

4. Àpẹẹrẹ: alábàárù lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀

Kí ìyàtọ̀ náà lè yé ni, ẹ jẹ́ kí alábàárù kan ru àpò ìrẹsì olóṣùwọ̀n kílógíráàmù 50 gun àtẹ̀gùn afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Òṣòdì. Ká ní ara rẹ̀ wọn kílógíráàmù 70, kí gíga afárá sì jẹ́ mítà 6. Ipá tí yóò fi gbé ara rẹ̀ àti ẹrù náà sókè tó bíi niútìn 1,180. Bí ó bá dé òkè, agbára tí ó ti fi pamọ́ sínú gíga náà tó bíi júùlù 7,060.

Ibo ni agbára náà ti wá? Láti inú ẹ̀bà tí ó jẹ ni. Gíráàmù kan gaàrí gbígbẹ ní bíi júùlù 14,600 nínú. Ìdá mẹ́rin kan péré nínú agbára oúnjẹ ni iṣan sábà máa ń sọ di iṣẹ́. Nítorí náà bíi júùlù 28,000 ni yóò ná, èyí tí gíráàmù méjì gaàrí tó fún un. Ìdá mẹ́ta yòókù di ooru: òógùn tí ń ṣàn lójú rẹ̀ ni ẹ̀rí. Kò sí júùlù kan tí ó ṣègbé. Ìdáhùn fún akẹ́kọ̀ọ́ ìṣáájú náà nìyí: ọkọ̀ kò mira, nítorí náà kò sí iṣẹ́ kankan tí ó wọ inú ọkọ̀, gbogbo agbára kọ̀ndọ́kítọ̀ di ooru nínú ara rẹ̀.

Bí alábàárù bá fi ogún ìṣẹ́jú-àáyá gun àtẹ̀gùn náà, ìyásí agbára rẹ̀ tó wáàtì 353. Bí ó bá fi ọgọ́ta gùn ún, kò ju wáàtì 118 lọ. Agbára kan náà ni. Ìyásí ni ó yàtọ̀.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé okun inú ni a fi ń gbé ti ìta.

Ìyàtọ̀ yìí kọjá ohun tí a ń kọ́ nínú kíláàsì. Ní Òṣòdì kan náà ni FIIRO wà, ilé-iṣẹ́ ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1956, tí ó sì ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí fífi ẹ̀rọ ṣe gaàrí. Láti lé omi kílógíráàmù kan tí ó ti ń hó jáde nínú gaàrí tí a ń yan, ó gba bíi júùlù 2,260,000. Ẹ̀rọ kékeré lè ṣe é, ẹ̀rọ ńlá lè ṣe é. Àkókò ni yóò yàtọ̀. Oníṣẹ́ gaàrí tí kò bá ní ọ̀rọ̀ méjì fún agbára àti ìyásí rẹ̀ lè ra ẹ̀rọ tí ó tóbi ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kí ó rò pé epo ni òun ń dín kù.

5. Àbá

(i) Ipá: ohun tí ń ti nǹkan tàbí tí ń fà á. Niútìn ni ìwọ̀n rẹ̀.

(ii) Agbára: ohun tí a fi ń ṣiṣẹ́, tí ń pààrọ̀ àwọ̀ ṣùgbọ́n tí kì í pòórá. Júùlù ni ìwọ̀n rẹ̀. Agbára ìpamọ́ ni ti ohun tí ó wà lókè tàbí tí a fà le. Agbára ìrìn ni ti ohun tí ń rìn.

(iii) Ìyásí agbára: iye agbára tí ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Wáàtì ni ìwọ̀n rẹ̀.

Ẹnìkan lè béèrè ìdí tí "okun" kò fi gba ipò kejì, nígbà tí òwe ti fún un ní ẹ̀rí. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ̀dá abẹ̀mí nìkan ni Yorùbá ń sọ pé ó ní okun. Kò sí ẹni tí ń sọ pé òkúta tàbí bẹntiróòlù ní okun. Ohun tí Helmholtz sì jà fún ni pé agbára inú ara àti agbára inú ẹ̀rọ jẹ́ ọ̀kan náà. Bí "okun" bá di ọ̀rọ̀-ìperí, agbára ìyè tí ó lé jáde lẹ́nu ọ̀nà yóò gba ojú fèrèsé wọlé. Nítorí ìdí kan náà, kò yẹ kí wọ́n túmọ̀ "lebendige Kraft" sí "agbára ààyè" nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́. Kí olùkọ́ lo òwe náà láti ṣàlàyé. Kí ó má fi ṣe ìperí. Kí àmì ohùn má sì wọ́n lórí ìwé, nítorí àgbàrá òjò kì í ṣe agbára.

6. Ìkádìí

Ogún tí Helmholtz fi sílẹ̀ kò mọ sí ibi kan. Ní 1850 ó wọn bí ìròyìn ṣe ń yára tó nínú iṣan ìmọ̀lára ọ̀pọ̀lọ́, bíi mítà 27 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní 1851 ó tẹ ìwé jáde lórí ohun èlò tí dókítà fi ń wo ẹ̀yìn ẹyinjú aláàyè. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń lò títí di òní fún ẹni tí ó bá lọ yẹ ojú wò. "Augenspiegel" ni ó pè é, ọ̀rọ̀ ilé méjì tí ó túmọ̀ sí dígí ojú. "Dígí ojú" ti ní iṣẹ́ mìíràn ní Yorùbá. "Awò inú-ẹyinjú" yóò ṣe é.

Láti 1970 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, kò sí iyè méjì mọ́ pé èdè náà lè gbé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ohun tí ó kù ni kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ ẹrù tirẹ̀. Helmholtz ṣe ìṣirò rẹ̀ láìsí àṣìṣe, síbẹ̀ orúkọ kan tí kò yà dá àwọn òǹkàwé rẹ̀ dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Akẹ́kọ̀ọ́ Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ kò ní láti dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.