Ẹ̀KỌ́ FÚN AGBO ILÉ: ILẸ̀ ILÉ, FÓÒNÙ, ÀTI ÀṢÍRÍ ILÉ

Kíkà: Àwọn Ọba Kejì 20:12–19, Lúùkù 14:28–30



Ẹ̀kọ́ tí a mú wá síwájú yín ní oṣù yìí jẹ mọ́ ohun mẹ́ta tí a kì í sábà dárúkọ pọ̀: ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ nínú ilé, ètò tí a ń fi sínú fóònù, àti àṣírí agbo ilé wa. Ẹni tí ń gbé Ikeja tàbí Agege, láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá àti àwọn ilé oníyàrá púpọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń háyà, yóò rí i pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta a máa pàdé ju bí a ti rò lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ti ilẹ̀, nítorí òun ni àwọn ènìyàn wa mọ̀ jù. Àwọn baba wa a máa lu ilẹ̀ amọ̀ títí yóò fi le. Simẹ́ńtì dé lẹ́yìn rẹ̀. Táìlì sì ni ọkàn ọ̀pọ̀lọpọ̀ wà lára rẹ̀ lónìí. Kò sí ẹni tó gbọ́n tí yóò ra táìlì láìbéèrè. Yóò fi èékánná kàn án, yóò gbọ́ ìró rẹ̀, yóò pe bíríkìlà kí ó bá òun wò ó. A ó sì sọ fún un pé èyí tó ń dán bí dígí lẹ́wà ní pálọ̀, ṣùgbọ́n bí omi bá kán sí i, ó lè gbé àgbàlagbà ṣubú, nítorí náà èyí tí ojú rẹ̀ há ni ó yẹ balùwẹ̀ àti ilé ìdáná. A ó sọ fún un pé kí ó ra ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e nítorí èyí tí yóò fọ́. Bí bíríkìlà bá kàn sọ simẹ́ńtì sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dípò kí ó tẹ́ ẹ kárí, ihò yóò wà lábẹ́ rẹ̀, yóò máa dún bí agbè òfìfo, ẹsẹ̀ àga ni yóò sì fọ́ ọ níkẹyìn. Ẹni tí ilẹ̀ ilé rẹ̀ ń tutù kò gbọdọ̀ fi kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà bò ó kí ó tó wá ibi tí omi ti ń wọlé, nítorí omi náà yóò sé mọ́ abẹ́ rẹ̀, yóò sì máa rùn. Èyí tó kù, bíríkìlà tó mọṣẹ́ yóò sọ ọ́.

Ohun tó ń yà wá lẹ́nu ni pé ọkùnrin yìí kan náà, tó fi ọwọ́ kan táìlì lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó sanwó, yóò fi ètò kan sínú fóònù rẹ̀ láìbéèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni ètò náà ń wọlé tọ̀ ọ́ jìnnà ju bíríkìlà lọ.

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ìyá kan tí ń tajà ní ọjà Agege fẹ́ tẹ́ táìlì sí pálọ̀ rẹ̀ kí ọdún Kérésìmesì tó dé. Owó rẹ̀ kù díẹ̀. Ọmọ àdúgbò kan fi hàn án pé àwọn kan wà tí ń yáni lówó lórí fóònù láìsí onígbọ̀wọ́, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ó fi ètò náà sínú fóònù, ìbéèrè mẹ́ta mẹ́rin jáde lójú rẹ̀: ṣé kí a máa ka nọ́ńbà àwọn ènìyàn rẹ? Ṣé kí a máa wo àwòrán rẹ? Ṣé kí a máa ka ọ̀rọ̀ tí bánkì ń fi ránṣẹ́ sí ọ? Nítorí pé owó ni ó ń wá, ó ń tẹ “bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni” títí dé òpin. Ó rò pé kò sí onígbọ̀wọ́. Àwọn onígbọ̀wọ́ rẹ̀ ti di ọgọ́rùn-ún: ìyá ọkọ rẹ̀, àlùfáà rẹ̀, olùkọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn oníbàárà rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ̀. Wọ́n ti yọ èlé kúrò nínú owó náà kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀, nígbà mìíràn ọjọ́ méje péré ni wọ́n fún un. Bí ọjọ́ bá kọjá, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ fóònù àwọn ènìyàn wọ̀nyí, pẹ̀lú àwòrán rẹ̀, pé olè ni, pé ọ̀dájú ni. Táìlì wà nílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè gbé ojú sókè lórí rẹ̀.

Irú ọ̀ràn yìí kò jìnnà sí wa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, àjọ NITDA ti ìjọba àpapọ̀ bu owó ìtanràn ₦10,000,000 lé ilé-iṣẹ́ ayánilówó kan nítorí pé ó tú àṣírí àwọn tó yá owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, àjọ FCCPC, tí ń gbèjà àwọn oníbàárà, kó àwọn òṣìṣẹ́ àjọ mìíràn mọ́ra, wọ́n sì lọ tú ọ́fíìsì irú àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀ wò ní Opebi, nínú Ikeja wa yìí. Láti ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Google ti ka á léèwọ̀ pé kí ètò ayánilówó tó wà ní ìsọ̀ rẹ̀ máa ka nọ́ńbà tàbí àwòrán ẹni tó ń yá owó. Ìkà léèwọ̀ yìí dára, ṣùgbọ́n kò dé ọ̀dọ̀ ètò tí a kò gbà láti ìsọ̀ náà, èyí tí wọ́n kàn fi ránṣẹ́ síni lórí WhatsApp. Nítorí náà ẹ máa sá fún irú èyí. Ní oṣù keje ọdún 2025, FCCPC tún gbé ìlànà mìíràn jáde, nínú èyí tí ìtanràn ayánilówó tó bá rú u lè tó ₦100,000,000.

Nísinsin yìí ẹ ṣí Bíbélì yín sí ìtàn Hesekáyà. Ọba náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí àìsàn ni, àwọn ìránṣẹ́ Bábílónì sì wá kí i pẹ̀lú ìwé àti ẹ̀bùn. Inú rẹ̀ dùn. Ó fi fàdákà, wúrà, tùràrí àti ilé ohun ìjà rẹ̀ hàn wọ́n, kò sì sí ohun kan nínú ilé rẹ̀ tí kò fi hàn. Ẹ kíyèsí àwọn ìbéèrè wòlíì Àìsáyà: kí ni àwọn ọkùnrin wọ̀nyí wí? Níbo ni wọ́n ti wá? Kí ni wọ́n rí nínú ilé rẹ? A kò mọ ìbéèrè tó tún yẹ fóònù jù wọ̀nyí lọ. Ẹ sì kíyèsí pé àwọn ọmọ tí yóò ti ara Hesekáyà jáde ni wòlíì wí pé a ó kó lọ. Ẹni tó ṣílẹ̀kùn kọ́ ni ó san gbèsè náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni nọ́ńbà tó wà nínú fóònù wa: ti ẹlòmíràn ni, a fi í pamọ́ sọ́wọ́ wa ni.

A mọ̀ pé àwọn mìíràn yóò wí pé àwọn kò ní ohun kan láti fi pamọ́. Àwọn àgbà kò ha ti wí pé ilé ẹni ni a ti ń jẹ èkúté onídodo? Ohun tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ náà ní ibi tó yẹ kí ó wà. Òfin orílẹ̀-èdè wa gbà bẹ́ẹ̀: abala 37 ìwé òfin ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà, ilé rẹ̀, ìwé tí ó ń kọ àti ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ lórí fóònù. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinubu sì fọwọ́ sí òfin tó dá lórí ààbò ìròyìn ara ẹni, èyí tó fún wa ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kọ sílẹ̀ nípa wa, láti mú kí a tún un ṣe, àti láti gba àṣẹ tí a ti fi fún un padà. Àwọn ńlá pàápàá ń bọ́ sábẹ́ òfin. Ní ọdún 2024 FCCPC bu ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook àti WhatsApp, ilé-ẹjọ́ àkànṣe sì fọwọ́ sí i ní ọdún 2025.

Ṣùgbọ́n òfin kì í ti ilẹ̀kùn fúnni. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Bí ètò ìṣirò owó bá ní òun fẹ́ ka nọ́ńbà àwọn ènìyàn rẹ, sọ pé rárá. Bí ó bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, yọ ọ́ kúrò. Èyí tó ti gba àṣẹ tẹ́lẹ̀, a lè wọ ibi àtúnṣe fóònù kí a gba àṣẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ pe ọmọ yín kan kí ó ràn yín lọ́wọ́, ìwà ọmọlúwàbí ni fún un. Ẹni tó ń gbé fóònù lọ tà tàbí lọ tún ṣe ní Otigba, kí ó kó ohun inú rẹ̀ sí ibòmíràn kí ó sì pa á rẹ́ pátápátá kí ó tó kúrò nílé. Nọ́ńbà àṣírí tí bánkì fi ránṣẹ́, ẹ má ṣe kà á fún ẹnikẹ́ni, ìbáà pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ bánkì. Bí wọ́n bá ti ń fi ìtìjú lé ẹnìkan kiri, kí ó má ṣe pa àwọn ọ̀rọ̀ náà rẹ́ nínú ìbínú, nítorí àwọn ni ẹ̀rí tí yóò fi kọ̀wé sí FCCPC.

Ní ti owó táìlì, ohun tí Lúùkù kọ nípa ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ ti tó: kí a jókòó ṣírò. Àjọ àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò tíì kú láàárín wa. Ní ọdún 1907 ni àwọn olóko Agege ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ẹni tó bá yá owó nínú ẹgbẹ́ mọ ojú ẹni tó yá a, ó mọ èlé rẹ̀, ó sì mọ onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó sàn kí pálọ̀ wà ní simẹ́ńtì ní Kérésìmesì yìí.

Ó ku ọ̀dọ̀ àwa fúnra wa. Ìwé orúkọ ẹgbẹ́ àti kíláàsì, nínú èyí tí ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì àwọn ará wà, kì í ṣe ohun tí a ń fi sílẹ̀ lórí tábìlì ní ẹnu ọ̀nà ilé ìsìn. Àìsàn tí ẹnìkan sọ fún àwọn tí ń gbàdúrà, kí a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó kéde rẹ̀ lórí WhatsApp ìjọ. Àti ẹ̀yin olùkọ́, kí ẹ tó gbé àwòrán ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ jáde pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ẹ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn òbí rẹ̀ ní kíkọ, kí ẹ sì tọ́jú ìwé náà.